Àwọn Ìwé Tí Mo Kàn Ń Kí

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní àròkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún àgbà. Ó ní ká to orúkọ àwọn ìwé tí a fẹ́ fi kọ àròkọ jọ, ká sì ṣàlàyé ṣókí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí ìwé náà sọ, ibi tó ti wúlò, àti ibi tó kù sí. Ẹni tí kò bá yege kò ní wọ ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn. Nítorí ẹ̀ka yẹn ni mo ṣe ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ìtọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe ni mo fi ṣe àkòrí. Bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà wà nílé, apá òsì wọn kò gbé mọ́, èmi ni mo sì ń gbé wọn dìde láràárọ̀. Ìwé kan ló kọ́ mi bí mo ṣe lè yí wọn padà tí ẹ̀yìn mi kò fi ní kán. Òmíràn ló là mí lóye pé ẹkún tí wọ́n máa ń sun lójijì, àìsàn ló fà á. Mo ṣàdúrà fún ẹni tó kọ ìyẹn.

Olùkọ́ dá iṣẹ́ mi padà. Ó ní ńṣe ni mo kàn ń kí àwọn ìwé náà, n kò rí àléébù kankan sọ, kí n tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Inú bí mi. Èmi tí mo lè bá oníbàárà jà lórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé dókítà tó kọ ìwé tó ràn mí lọ́wọ́ ṣe àṣìṣe. Ẹni tó fún ọ lómi mu, ṣé o máa ní ife rẹ̀ dọ̀tí ni?

Mo rojọ́ fún bàbá mi bí mo ṣe ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán. Ohùn wọn ń fà, àmọ́ làákàyè wọn pé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyìn kò kọ́ káfíńtà kankan níṣẹ́ rí.

“Ẹni tó jókòó lórí àga ló mọ̀ bó bá ń mì,” wọ́n ní. “Ìwọ náà ti jókòó lórí ìwé wọn. Sọ̀rọ̀.”

Mo fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ra. Ìwé kan ní kí ẹni méjì máa gbé aláìsàn. Mo kọ ọ́ pé ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n kò rántí ilé tí ẹnì kan ṣoṣo wà. Ọwọ́ mi yá. Nígbà tí mo dé orí èyí tó kọ́ mi ní yíyí aláìsàn padà, n kò rí ohunkóhun bá wí. Mo bi bàbá mi, ṣebí àwọn ni mò ń yí. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì wọn mú.

“Èjìká mi ni,” wọ́n ní. “Ó máa ń dùn mí gan-an bí o bá fa ọwọ́ yẹn.”

Láràárọ̀ ni mo ń fà á, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń sọ pé “o ṣeun, ọmọ mi.”

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ẹni tó ń tọ́jú mi ni kí n tún máa bá wí?”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká wọn, mo ní kí wọ́n máa tọ́ mi sọ́nà, a sì tún un ṣe títí ó fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tí mo kọ sábẹ́ ìwé náà nìyẹn: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò bi ẹni tí wọ́n ń yí léèrè. Olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì yege.

Bàbá mi ti wá ń ráhùn láràárọ̀ báyìí. “Rọra. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn.” Ó dùn mọ́ mi ju gbogbo “o ṣeun” wọn lọ.