Fimú Kan Bèbè, Fìrù Dí Ọ̀nà

Bọ́ọ̀sì gùn. Bó bá fi imú wọlé, ìrù ṣì wà níta. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kọ́ Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ nìyẹn, lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí sítíárìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí bíréèkì. Ọ̀gá ní bó bá dé ibùdókọ̀, kó má gbé gbogbo ara ọkọ̀ sún mọ́ bèbè ọ̀nà. Imú nìkan ni kó fi kàn án. Kó fi ìrù sílẹ̀ sójú ọ̀nà, kí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ré e kọjá lọ kó èrò tó wà níwájú. Ó tilẹ̀ fi orin sí i, nítorí ọ̀gá yìí, bó bá jí láàárọ̀, orin ló fi ń fọnu:

Fimú kan bèbè,
Fìrù dí ọ̀nà,
Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn,
Kó dúró, kó simi.

Gbogbo awakọ̀ gáréèjì náà ló mọ orin yìí. Wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń ṣe é, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, torí bọ́ọ̀sì nìkan ló ń gba ojú ọ̀nà yẹn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti mọ́tò kéékèèké ní tiwọn lódì kejì ìlà.

Àfi ìgbà tí àwọn aláṣẹ ìlú ní kí oníkẹ̀kẹ́ ológeere máa bá bọ́ọ̀sì pín ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tẹ̀ wọ́n pa jù lọ́hùn-ún. Wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ funfun sílẹ̀, wọ́n kó àwọn awakọ̀ jọ, wọ́n ní láti òní lọ, kí kálukú gbé ọkọ̀ rẹ̀ gún régé sétí bèbè. Bí ìrù bá yọ, àlàfo á wà láàárín ọkọ̀ àti bèbè, oníkẹ̀kẹ́ á kó sínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá wá yí sítíárìn láti gbéra, ìrù á fì padà, á sì lọ èèyàn mọ́ bèbè bí ẹni lọ ata. Gbogbo wọn dáhùn, gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀wé. Bí wọ́n ṣe ń jáde, orin ọ̀gá ni wọ́n ń kọ lọ.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù lọ́jọ́ náà ni ọmọ Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin yìí, ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́ wà ní ìkangun ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ, òun náà ló ń gùn bọ̀. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún bàbá kó tó ṣaláìsí.

"Bàbá mi, a ti di ẹlẹgbẹ́ lójú ọ̀nà o," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá rí mi níwájú, ẹ kí mi."

"Fèrè ni màá fi kí ọ, wàá ṣubú."

"Ẹ dán an wò. Èmi náà ní aago."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀ràn dé. Òwúrọ̀ ni, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Bọ́ọ̀sì ọ̀gá ló wà níwájú, ti Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá dé ibùdókọ̀, ó fi imú kan bèbè, ó fi ìrù sílẹ̀. Ọwọ́ tí nǹkan ti mọ́ lára fún ọgbọ̀n ọdún kì í béèrè lọ́wọ́ orí kó tó ṣe é. Télọ̀ kan wà lórí kẹ̀kẹ́, ó di aṣọ oníbàárà sẹ́yìn. Ó rí àlàfo náà, ó rọra wọ inú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ rí i látorí ìjókòó gíga, ó sì tẹ fèrè kíkankíkan. Ọ̀gá rò pé ẹni tó fẹ́ ré òun kọjá ló ń kánjú. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó yí sítíárìn.

Kò sí ariwo púpọ̀. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Aṣọ tú ká sílẹ̀: ṣòkòtò tí wọn ò tí ì ṣẹ́ létí, búláòsì aláwọ̀ ọsàn tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni télọ̀ lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹrin kò bá a láyé.

Ọ̀gá sọ fún gbogbo ayé pé òun gún régé, pé oníkẹ̀kẹ́ ló sáré wá kọlu òun. Àwọn aláṣẹ ìlú ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Nígbà tó ku ọ̀la, ọ̀gá wá sílé Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́, kò sì kọrin wọlé.

"Ìwọ nìkan lo wà lẹ́yìn mi," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá lé mi báyìí, ẹrù ni màá máa rù kiri lọ́jọ́ ogbó mi."

"Ọkùnrin yẹn ti kú, ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Mi ò rí oorun sùn. Ṣé òtítọ́ á jí i dìde ni?" Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ta ló jókòó tì ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n lórí bíréèkì? Mi ò ní kó o purọ́ o. Ṣáà ti sọ pé o ò rí i."

Bó ṣe jáde, ọmọ yọ láti yàrá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá mi, bí wọ́n bá ní oníkẹ̀kẹ́ ló jẹ̀bi, wọ́n máa lé wa padà sáàárín ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa."

Yàrá ìgbìmọ̀ kò tóbi. Tábìlì kan ni, ìjókòó díẹ̀, àti fáànù kan tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí àgbà tí wọ́n ń sọ ohun tí kò gbà gbọ́ fún. Ìyàwó télọ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Alága, obìnrin kan tó wọ awò ojú, gbé gègé.

"Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn, awakọ̀. Ṣé ọkọ̀ iwájú gún sétí bèbè, àbí ìrù rẹ̀ yọ?"

Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mi ò rí i dáadáa, mà."

"Odidi bọ́ọ̀sì?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Oòrùn wọ̀ mí lójú ni, mà," Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ ní.

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó télọ̀ ń wo Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́. Wọ́n dá ẹjọ́ pé bí bọ́ọ̀sì tó gún régé bá ṣì lè pa èèyàn, a jẹ́ pé àjọpín ọ̀nà kò ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ Ajé, kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ mọ́.

Nílé, ọmọ gbé oúnjẹ kalẹ̀. "Ṣé ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?"

"Jẹun."

"Mo bi yín ni, Bàbá mi."

"Oúnjẹ ń tutù."

Ó bo àwo tirẹ̀, ó wọ yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀nà bọ́ọ̀sì mọ́ lóló. Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ jókòó sókè, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ó wo dígí, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó sì rí ọmọ rẹ̀ lódì kejì ìlà. Ọkọ̀ akẹ́rù iyanrìn wà níwájú rẹ̀, ti bíríkì wà lẹ́yìn, táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èjìká ọmọ náà. Ti ẹ̀yìn tẹ fèrè. Kẹ̀kẹ́ wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì, ẹsẹ̀ ọmọ kan ilẹ̀, ó tún gbéra.

Bàbá ṣí fèrèsé. "Bọ́ síwájú mi! Bọ́ síbí!"

"Ọlọ́pàá wà níwájú," ó ní, kò yíjú. "Ẹ máa lọ, Bàbá mi. Èrò yín ń pẹ́."

Bàbá gbé èrò dé òpin ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà á ní gbogbo ibùdókọ̀ tó dúró sí. Nígbà tó já ẹni tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó gba ọ́fíìsì alága lọ.

"Mo rí i, mà. Ìrù yọ."

Obìnrin náà bọ́ awò ojú. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá sọ ọ́ nísinsìnyí?"

"Mo rí ọmọ mi láàárín ọkọ̀ akẹ́rù."

"Ṣé ọ̀gá yẹn nìkan ló ń fi ìrù sílẹ̀?"

"Gbogbo wa ni. Èmi náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá pàápàá."

Alága kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. "Wọ́n ti fọwọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́," ó ní. "Ó máa tó oṣù mẹ́fà kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó. Kẹ̀kẹ́ á ṣì wà níbi tó wà."

Kó tó di ọ̀sán, gáréèjì ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́ńpẹ̀lẹ́ àti ọ̀gá. Ọ̀gá ká fìlà rẹ̀ sápò, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

Nígbà tí ọmọ jáde níbi iṣẹ́, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu géètì, tó ti di kẹ̀kẹ́ ọmọ mú.

"Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ la máa gbà," bàbá ní. "A ó máa tì í lọ."

"Lójoojúmọ́? Títí di ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́fà, kí ìgbìmọ̀ tó tún gbọ́ ohun tí mo sọ. Mi ò kúkú níṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ ṣe."

Ọmọ wò ó títí, ohun tó ṣe sì yé e. Kò dúpẹ́. Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ẹ ti sọ fún ìyàwó télọ̀?"

"Rárá."

"Ilé rẹ̀ ò jìnnà síbí. Mo mọ ọ̀nà, èmi ni mo tọ́jú ọkọ rẹ̀."

Ó yà sọ́wọ́ òsì. Bàbá dúró, ó di kẹ̀kẹ́ mú gírígírí. Lẹ́yìn náà ó tì í tẹ̀ lé e.