Òṣùwọ̀n Tó Rí Ẹni Kẹjọ

Ogún ọdún gbáko ni Ìyá Òṣùwọ̀n fi ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó wá síbi iṣẹ́ àga tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ. Yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, yóò yọ irin kékeré kan tó mọ bó ṣe wúwo tó nínú àpò, yóò gbé e lé òṣùwọ̀n ọlọ́jà, yóò sì dákẹ́. Bí òṣùwọ̀n bá sọ òtítọ́ nípa irin náà, ó kí ọlọ́jà kú iṣẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ọlọ́jà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í lórí. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó ní òmíràn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà, èyí tó ń ta àga àti ibùsùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun àti obìnrin mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀, nínú yàrá kan tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó. Eruku igi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ àwọ̀ tí kọ̀ǹpútà wọn ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Alága, ò fẹ́ràn ẹ̀ka náà rí.

Níbi ìpàdé ẹbí, Alága là á mọ́lẹ̀. Ó ní òun ò mọ àwọn tó ń wọ ìkànnì náà, òun ò mọ ohun tí wọ́n ń wá, òun ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ènìyàn ni wọ́n tàbí iwin. Oṣù méjì ló fún àbúrò rẹ̀. Kó wá ilé-iṣẹ́ kan tó ní ìwé-ẹ̀rí, irú àwọn tó máa ń ka àlejò orí ìkànnì tí wọ́n sì ń tọpa ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n wá jábọ̀ lójú ẹbí. Bí ẹbí ò bá rí èyí tó ṣeé gbára lé, kí wọ́n ti yàrá òkè pa, kí àwọn obìnrin mẹ́ta náà sì máa lọ sílé.

Ìyá Òṣùwọ̀n ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó gun òkè padà, ó rí ojú àwọn obìnrin náà, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló kọ̀wé wá. Ìwé-ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ tóbi tó ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi gíláàsì bò ó. Ìyá Òṣùwọ̀n da nọ́mbà ìdí rẹ̀ kọ, ó pe àwọn tó fún wọn ní ìwé náà lórí fóònù. Wọ́n ní lóòótọ́ ni, àwọn làwọn fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò tó sì yege ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún méjì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò.

Ọ̀rẹ́ Alága ló ni èkejì, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán débi pé ènìyàn lè fi yẹ eyín wò. Ìyá Òṣùwọ̀n sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Bàtà lọ́kàn ara rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ pé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú ló ni ẹ̀kẹta, ìwé tirẹ̀ náà pé. Obìnrin yìí lo wákàtí àkọ́kọ́ láti máa béèrè ìbéèrè, nígbà tí wọ́n sì bi òun náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ pé, "Mi ò tíì mọ̀." Alága ní ta ni í san owó fún ẹni tí kò mọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ kọ "mi ò tíì mọ̀" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, ó fa ìlà sí wọn nídìí, nítorí pé nínú ogún ọdún tó fi yẹ òṣùwọ̀n wò, kò pàdé oníjìbìtì kan tó sọ ọ́ rí.

Ó wá kù kó yọ irin rẹ̀ jáde. Ó ṣí ojú-ewé kan sórí ìkànnì wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣèèṣì já sí láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ó ń wá ohun tí yóò gbé síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lọ sórí àwòrán àga tí bàbá wọn kọ́kọ́ kàn fún ara rẹ̀, èyí tí ọwọ́ kan rẹ̀ gùn ju èkejì lọ. Ó gbé e síbẹ̀, ó kọ ìlà mélòó kan nípa bàbá sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun títà kankan níbẹ̀.

Ènìyàn méje péré nínú ẹbí ló fún ní àdírẹ́sì náà, ó sì fún kálukú ní ìwé kékeré kan: kí wọ́n máa kọ ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, fóònù tí wọ́n fi ṣí i, àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó. Ó ní kí wọ́n má fi han ẹlòmíràn. Kò fún Alága, nítorí adájọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Àǹtí Àgbà, àbúrò bàbá wọn obìnrin, ló kọ tirẹ̀ dáadáa jù. Gbogbo ojú-ìwé rẹ̀ bákan náà ni: "Mo ṣí i. Mo wò ó. Mo sunkún díẹ̀. Mo pa á dé."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Bàtà àti obìnrin awò ojú wo gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tó ń ka àlejò ti kó jọ lórí ojú-ewé yẹn. Ìbéèrè kan náà ló bi wọ́n: ènìyàn mélòó ló wá, kí ni wọ́n sì ṣe?

Lọ́jọ́ ìjábọ̀, ẹbí pé sí yàrá ìpàdé. Ọ̀gbẹ́ni Bàtà ló kọ́kọ́ dìde, ó fi ẹ̀rọ da àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi sójú ògiri. Ó ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé ogójì ló wá, àti pé ogójì nínú wọn ti fẹ́ rajà tán. Alága ń mi orí. Ìyá Òṣùwọ̀n fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí ogójì ènìyàn náà fẹ́ rà. Ọkùnrin náà ní àga ni, kí ni wọn ì bá tún rà. Ìyá Òṣùwọ̀n bẹ̀ ẹ́ kó ṣí ojú-ewé náà kí gbogbo wọn jọ rí i.

Ó ṣí i. Àga ogbó kan ló yọ sójú ògiri, kò sí iye, kò sí ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ láti ra ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Bàtà jẹ́wọ́ pé òun ka àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ènìyàn, àti pé ẹni tó bá ṣí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, ènìyàn mẹ́wàá lòun kà á sí. Kó tó kan ogójì tó fẹ́ rajà, ó ti jókòó. Àǹtí Àgbà wúkọ́, ó sì hàn pé ẹ̀rín ni, kì í ṣe ikọ́.

Obìnrin awò ojú gbé bébà kan ṣoṣo kalẹ̀. "Ènìyàn mẹ́jọ," ló wí.

Ìyá Òṣùwọ̀n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Méje ni. Ìwé kékeré méje ló wà nínú àpò rẹ̀, ó ti kà wọ́n ní àkàtúnkà. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, yàrá òkè sì ń tì pa lójú àbúrò rẹ̀.

Ìyá Òṣùwọ̀n ní kí obìnrin náà tún un yẹ̀ wò, bóyá ẹnì kan nínú wọn ló lo fóònù méjì. Obìnrin náà ní òun náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ó ní lóòótọ́ lẹnì kan lo fóònù méjì, tó sì ṣí i nígbà mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ẹyọ ènìyàn kan lòun kà á sí.

"Èmi nìyẹn," ni Àǹtí Àgbà wí, ojú ò tì í rárá.

Ìyá Òṣùwọ̀n tẹ̀ síwájú. Ó mọ̀ pé òun ń fi ọwọ́ ara òun ti òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ̀ bóyá yóò yẹ̀. "Bí mo bá sọ fún yín pé méje ni, pé èmi fúnra mi ni mo rán wọn ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Mẹ́jọ ni mo rí. Bí mo bá kọ méje nítorí pé méje lẹ fẹ́, ẹ ò nílò mi nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé. Ẹni kẹjọ kì í lo fóònù, kọ̀ǹpútà ló ń lò, inú ilé-iṣẹ́ yìí gan-an ló sì ti ń ṣí i. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, aago kan ọ̀sán, fún ogún ìṣẹ́jú. Kò tẹ nǹkan mìíràn ju àwòrán náà lọ, ó máa ń fà á tóbi ní apá ibi tí ọwọ́ àga ti gùn. Ó ní òun ò mọ ẹni tó jẹ́, òun ò sì wá a dé ibẹ̀, nítorí kò tọ́.

Aya Alága, tó wà lára àwọn méje, tẹ orí ba. Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò dé e padà.

"Èmi ni," ó wí. "Ìyàwó mi ló fi hàn mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ àga tó gùn yẹn, èmi ni mo wọ̀n ọ́n ṣì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo bẹ bàbá kí wọ́n gé e, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ àwọn làwọn fẹ́ máa gbé ọwọ́ lé."

Ìyá Òṣùwọ̀n ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń rí àga yẹn, tó ń rò pé ọwọ́ bàbá ló ṣì. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òun ló gbé irin tó mọ̀ lé òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n sì mọ irin náà jù ú lọ.

Alága yíjú sí obìnrin awò ojú. "Òṣùwọ̀n tó lè mú èmi, kò sẹ́ni tí kò ní mú," ó wí. "Ẹ gbà á síṣẹ́. Kí yàrá òkè máa bá iṣẹ́ lọ." Ó ní òun ti ń wo ìkànnì náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé bí òun tó kórìíra rẹ̀ bá lè máa padà síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó ń wá àga rà yóò padà.

Àṣé àwọn obìnrin mẹ́ta ti wà lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀. Ayọ̀ tí wọ́n yọ pọ̀ débi pé àwọn tó ń rẹ́ pákó pa ẹ̀rọ wọn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sáré wọlé wá dì mọ́ Ìyá Òṣùwọ̀n, eruku igi orí rẹ̀ sì ra mọ́ gbogbo aṣọ ìpàdé ìyá náà. Ìyá Òṣùwọ̀n ò gbọ̀n ọ́n dànù.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan tí kò tíì lò jáde nínú àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ tiwọn, kí ìṣirò òun lè pé mẹ́jọ. Alága gba bírò, ó kọ ọ́: "Mo ṣí i. Mo wò ó. Mo pa á dé."

Àǹtí Àgbà na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn. "Ó ku ìlà kan," ó wí.

Alága wo ojú rẹ̀ títí, ó wá tẹrí ba, ó sì kọ ọ́.