Àwọn Tí Kò Padà Wá

"Ta ló rán ọ pé kí o máa pe àwọn aláìsàn lórí fóònù?" Ọ̀gá wa kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Iṣẹ́ mi ni."

Iṣẹ́ mi ni lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ṣì ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́ bí oògùn tuntun bá wọ inú ara. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru la ń dán wò lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì yẹ kí a gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́tàlélógún láti ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kò padà wá fún ẹ̀ẹ̀kejì. Àyè àbájáde wọn ṣófo lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà kọ "ara ti yá" sí gbogbo àyè tó bá ṣófo, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá kì í rántí ilé ìwòsàn mọ́.

Ọkàn mi kò gbà á, nítorí ìṣirò mi ti fi hàn pé oògùn náà lè ba kíndìnrín jẹ́. Mo pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ti kú: ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò mi ti sọ gan-an. Opó kan ló gbé fóònù ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fún wọn lóògùn yẹn? Ẹ ṣé o, mà. Wọ́n lò ó tán pátápátá kí wọ́n tó kú."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá.

"Mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rin èèyàn! Ṣé torí ìyẹn la ó ṣe da iṣẹ́ ọdún mẹ́rin nù? Àwọn èèyàn yìí, kí ni kì í pa wọ́n? Wò ó, lẹ́tà ìgbéga rẹ ti wà nílẹ̀. Ìwé kan péré ló kù kí o fọwọ́ sí."

Ìwé náà ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ oògùn yìí fún ará ìta. Inú bí mi. Mo ṣépè fún ọ̀gá nínú ọkàn mi, mo sì fọwọ́ sí i. Mo ní bí mo bá ti dé ipò, n ó tún un ṣe.

Mo dé ipò. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àbájáde ìwádìí wa jáde, orúkọ mi ló ṣìkejì níbẹ̀, oògùn náà sì dé gbogbo ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, opó yẹn pè mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọ́n ti kọ oògùn yẹn fún ìyá mi. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú báyìí. Ṣé kí wọ́n dá a dúró ni?"

Mo wo ilẹ̀kùn mi, ó wà ní títì. "Ẹ bi dókítà yín, mà."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní ìwé tẹ́ ẹ kọ làwọn ń tẹ̀lé, pé ẹ̀yin ni kí n bi."