Àwọn Méjìdínlógójì Tí Ìwé Ń Wá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́bàá ògiri, fa àpótí rẹ wá síbí. Ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, máa ṣẹ́ ẹ lọ, etí nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lónìí dùn débi pé n kò lè dá a jẹ.

Èmi Màmá Zàhràh, kíláàsì méjì péré ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n wá máa bá ìyá mi ta abọ́ tánganran. Ọlọ́run tí kò fún mi ní ìwé fún mi ní ohùn, ó wá kó ìwé náà jọ fún ọmọ ọmọ mi. Hàmdálàt lorúkọ rẹ̀, ọmọ Zàhràh àkọ́bí mi, ilé wa ní Krofrom níbí, ní ilẹ̀ Àṣàǹtí, ni wọ́n bí i sí. Dókítà ni. Ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí àìsàn tàbí jàǹbá bá lójijì ló wà, níbi tí ẹni tí wọ́n gbé dé kì í ti í ní àkókò àtijókòó. Ó tún ń ṣe ìwádìí. Ohun tó bá rí lára àwọn aláìsàn, á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìṣègùn. Àwọn àgbà dókítà lókèèrè á yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá dúró ṣinṣin, wọn á tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ayé rí i kà.

Méje ni wọ́n ti tẹ̀ fún un. Ojú ewé àkọ́kọ́ wọn wà lára ògiri pálọ̀ wa. N kò lè kà wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ojú wọn bí mo ṣe mọ ojú àwọn ọmọ mi. Èyí tó wà lókè fèrèsé ni ti àwọn tí ejò ṣán nínú oko kòkó. Èyí tí igun rẹ̀ ya ni ti gìrì àwọn ọmọdé. Mo ti ṣe orin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò bá dé, màá dúró níwájú wọn, màá máa kọ wọ́n tẹ̀ léra, Hàmdálàt á fọwọ́ bojú, á ní, "Nana, ó tó." Nana ló ń pè mí, bí àwọn Àṣàǹtí ṣe ń pe ìyá àgbà.

Ìkẹjọ ló fẹ́ yọ wá lẹ́mìí.

Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù. Hàmdálàt ní rárá. Ó ní ẹni tó ń pariwo ṣì ní èémí tó fi ń pariwo, ẹni tó dákẹ́ ni kí wọ́n sáré bá. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ka èémí onítọ̀hún fún odindi ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ. Ọdún kan ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé méjìlá ló wà nínú ìwádìí náà, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bóyá ó wà láàyè, bóyá ó ti kú. Àwọn tí wọ́n mọ̀ pọ̀, iṣẹ́ náà sì fi ara hàn pé ó dára. Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́.

Èsì dé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà, tíì rẹ̀ ti tutù síwájú rẹ̀. Ó ní àwọn tó yẹ ìwé náà wò yìn ín, ṣùgbọ́n ènìyàn méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbẹ̀yìn wọn. Kí ó wá wọn rí láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní tẹ̀ ẹ́.

"Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ọ̀gá wa ti sọ ọ́, Nana. Ó ní kíka èémí ń dá àwọn akọ̀wé dúró. Bí ìwé yìí ò bá jáde, a ó padà sí orúkọ kọ́kọ́."

"Ẹni tó dákẹ́ á wá kú sẹ́nu ọ̀nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo gbé tíì náà, mo lọ tún un gbé kaná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún.

Ẹ jẹ́ n sọ bí àwọn ènìyàn náà ṣe sọnù. Nítorí pé èémí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, nígbà tí wọn á fi béèrè orúkọ, aláìsàn ti wọ inú lọ. Ẹni tó gbé e wá ni wọ́n ń bi, òun náà á sọ orúkọ ara rẹ̀, á fi nọ́ńbà ara rẹ̀ tì í. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ló gbé orúkọ sọnù. Bertha, nọ́ọ̀sì tó ń bá Hàmdálàt ṣiṣẹ́, pe àwọn nọ́ńbà náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ takisí kan ní èrò tí òun ti gbé pọ̀ ju irun orí òun lọ, èwo ni wọ́n ń béèrè nínú wọn. Ọkùnrin kan ní bó bá jẹ́ ìyàwó òun ló rán an níṣẹ́, kí ó sọ fún un pé òun wà níbi iṣẹ́.

Mo ní kí Hàmdálàt ka orúkọ àti àdúgbò àwọn tó gbé wọn wá sí mi létí, èmi tí mo mọ gbogbo ilé àwa Yorùbá láti Krofrom dé Tafo. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àṣírí aláìsàn ni, òun ò lè tú u fún ìyá tó bí ìyá òun pàápàá. Inú bí mi díẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo ní kò burú. Bí n kò bá lè pè wọ́n lórúkọ, wọn á pe ara wọn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí a ṣe àsàlátù tán, mo dìde láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi:

*Ẹni tí wọ́n gbé wọ ọsibítù,*
*tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde,*
*dókítà ní kí n kí ọ o,*
*ó ní ṣé ara ti le?*

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọdún tó kọjá ni mo ń wí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń ka èémí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni, kí ó wá rí Bertha nílé wa, ohun tó bá bá a sọ kò ní jáde. Wọ́n gbe orin náà títí ilé fi ń mì. Ní Sọ́ńdè kejì mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò, lọ sí Tafo, mo kọ ọ́ nínú àsàlátù tiwọn. Bertha yí i sí Twi, èdè àwọn Àṣàǹtí, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ashanti New Town. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ta tòmátì fi ń kọ ọ́ láìmọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bertha ń bi olúkúlùkù ní ọjọ́ tó wá àti ẹni tó gbé e, ó ń fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ rí dókítà, ó dá wọn padà tẹ̀ríntẹ̀rín. Fatawu tó ń wa trotro gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Ó ní bí àpò gààrí ni wọ́n ṣe gbé òun wọlé lọ́jọ́ náà.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo wà láàyè, Màmá, kí n máa lọ, èrò ń bú mi."

Obìnrin kan yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó ní bí kò bá tètè wá wa ọkọ̀, kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó kọ èyíinì.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrìndínlógún, méjìdínlọ́gbọ̀n ti dé. Èmi àti Bertha ń jó ní àgbàlá. Hàmdálàt ti ibi iṣẹ́ wọlé, ó gba ìwé náà, ó kà á sísàlẹ̀, ó kà á sókè, kò rẹ́rìn-ín.

"Nana, gbogbo wọn ló wà láàyè."

"Àlùhàmúdùlíláì."

"Kò sí òkú kan níbẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn jáde nìkan ni orin yín ń pè. Ẹni tí kò rìn mọ́, ta ló ń pè é? Bí mo bá fi èyí ránṣẹ́ báyìí, irọ́ ni mo fi ránṣẹ́."

Èmi sì mọ òkú kan. Ní Tafo, lẹ́yìn orin, obìnrin kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Tèslìmù tó ń lẹ táyà ní àdúgbò àwọn wà lára àwọn tí wọ́n gbé lọ. Ó padà wálé, ó sì kú kí oṣù kan tó pé. Àsíátù ìyàwó rẹ̀ ti jáde opó, ṣùgbọ́n kò tíì máa wá sáàárín àwọn èèyàn. Mo gbọ́ ọ, mo gbé e mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi dàgbà, a kì í ju ọ̀rọ̀ ikú lu ọmọdé, àgbà ló ń gbé e kiri títí á fi rọ̀. Mo sì rò pé ìwé ọmọ mi dà bí oríkì, ibi tó dára nìkan là ń kì. Mo jókòó lórí ẹní, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò bínú. Ó jókòó tì mí. "Nana, ẹni tó kú náà wà nínú iye. Bí mo bá yọ ọ́, ẹni tó bá kà á lọ́la á rò pé ọgbọ́n wa ti tó, kò ní wá ibi tó kù. Ẹ bá mi béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ á gbà kí n wá."

"Bí ìyẹn bá wó ìwé náà ńkọ́?"

"Kí ó wó."

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń kọrin ọmọ yìí, n kò tíì mọ ẹni tó jẹ́.

Àsíátù gbà. Lọ́sàn-án Àlàmísì a bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Hàmdálàt kúnlẹ̀, ó kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó ní bí kò bá fẹ́ sọ ohunkóhun, àwọn á jókòó díẹ̀, àwọn á sì máa lọ. Àsíátù dá ẹ̀rọ náà dúró. Ó ní ọjọ́ kẹrìnlélógún tí ọkọ òun délé ni, òjò ń rọ̀, èémí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

"Mo kà á," ló wí. "Mo rí bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣe é lẹ́nu ọ̀nà yín. Ogójì ni mo kà ní ìṣẹ́jú kan. Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Kò sí ọkọ̀."

Ó wá kọjú sí mi. "Màmá, mo gbọ́ orin yín láti fèrèsé mi. Mo rí i pé kò kàn mí, ni mo ṣe jókòó sílé." Ó bi Hàmdálàt pé, "Ṣé ẹ máa kọ tiẹ̀ náà?"

"A ó kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì orin náà, lẹ́sẹ̀ kan náà, wúyẹ́wúyẹ́. Ìlà kẹta kò gún, Àsíátù ló tún un ṣe:

*Ẹni tí wọ́n gbé wọ ọsibítù,*
*tí ẹ kò tún rí mọ́ nílé,*
*a ò gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,*
*ẹ wá kà á mọ́ wa.*

Nígbà tí mo kọ ọ́ ní Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó jó. Àwọn kan sunkún. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ náà ilé mẹ́fà wá bá Bertha, ìyá kan, ọmọ kan, ọkọ kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọlé. Pẹ̀lú Tèslìmù, òkú méje. Mẹ́ta ni a kò rí títí dòní, Hàmdálàt sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé a kò rí wọn. Òun àti Bertha tún gbogbo ìṣirò ṣe. Èrè tó wà nínú kíka èémí kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò wó. Ó fi kún un ní ìparí pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn ará ilé ní kíka èémí kí aláìsàn tó máa lọ sílé, kí wọ́n sì bá wọn wá ọ̀nà ọkọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló fi í ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó dáhùn pé àwọn á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ ọ́ pé àwọn òkú méje yẹn ló jẹ́ kí òun gba àwọn alààyè gbọ́. Ọ̀gá ọsibítù ka ìwé náà, kò tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn akọ̀wé mọ́. Èémí ni wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ kà.

Mo se wáákyè, ìkòkò ńlá méjì, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí ewé ọkà bàbà ti sọ di pupa, pẹ̀lú ẹyin àti ẹja àti ata dúdú tó ń ta èèyàn lẹ́nu. Mo ní kí orin pe ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá. Àgbàlá wa kò gbà wọ́n, àwọn kan jókòó dé etí títì. Hàmdálàt sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Twi. Bàbá àgbàlagbà kan béèrè èwo ni òun nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá náà, Hàmdálàt ní orúkọ kankan kò sí níbẹ̀, bàbá náà ní kò burú, òun mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ń lọ sẹ́nu. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo ń fi síbí ha ìdí ìkòkò kejì fún ẹni tó bá ṣì fẹ́, wọ́n ní àwọn ti yó. Àwọn ará Tafo kó sínú ọkọ̀, Àsíátù jókòó síwájú, abọ́ ńlá tí a dì wà lórí itan rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn tó kù ń rìn lọ ní méjì méjì, ikùn wọn kún, ọkàn wọn balẹ̀, olúkúlùkù kọrí sílé.