Àwọn Òkúta Sáúnà Lẹ́yìn Ọkọ̀ Pupa

Ní Keweenaw níbí, nílẹ̀ òtútù, ilé àwọn arúgbó tó wà lórí òkè ni mo ń bá ti yìnyín kúrò lọ́nà, kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè gòkè. Lọ́dún yìí, ìpẹtà jẹ abẹ́ ọkọ̀ mi tán, ó já sí méjì. Ìyáàfin Kerttu Salmi tó ń bójú tó ilé náà kò fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Vieno, kí n rí ọkọ̀ tó o máa lò kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo gbéṣẹ́ fún ọmọ Pelkie."

Èmi àti Arvo àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ Roland tó ń ta ọkọ̀. Funfun kan wà níbẹ̀, ó gbó, ó kúrú, áásù, irin gbọọrọ kan tó ki, ló gba abẹ́ imú rẹ̀ láti táyà kan dé èkejì. Pupa kan sì wà tó ń dán, àga rẹ̀ ń móoru, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan sì ń dá rìn lórí apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀. Arvo wọ pupa, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Ìka kan ni mo fi ń yí sítíárìn yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ti funfun yẹn dà bí ẹni ń bá màlúù jìjàkadì."

"Ṣé ìka lo máa fi ti yìnyín?"

Roland mọ̀ wá, ó ní ká mú méjèèjì lọ wò títí di Ọjọ́ Ajé. Nígbà tá a délé, Arvo so irin ìtìyìnyín mọ́ iwájú pupa. Imú rẹ̀ wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, táyà méjèèjì yà gẹ̀rẹ̀.

"Ó ti kúnlẹ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká ṣàmín."

Mo lọ ra òróró ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo dé, imú ọkọ̀ ti gbé sókè, tapólì sì bo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo di ẹrù sẹ́yìn ni," Arvo ní. "Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń ṣe."

Òótọ́ ni. Mi ò ṣí i wò.

Lọ́sàn-án Sátidé, Ìyáàfin Salmi dé pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lábíyá, torí òun àti Lempi ìyá mi ni wọ́n jọ ń jókòó ní sáúnà wa, yàrá ooru tí òkúta gbígbóná ń mú gbóná, ní gbogbo Sátidé. Ó yí pupa po, ó jókòó sínú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ìdí mi gba eléyìí."

Arvo ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ro òkè yẹn. Bí apá táyà bá ṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ìgbà òtútù, iṣẹ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ mi títí láé.

Ìyá mi jáde láti sáúnà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló kó òkúta mi?"

Nílé wa, o lè ri ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan òkúta sáúnà lọ́jọ́ Sátidé.

"Màmá, mo máa dá a padà lọ́la."

"Ṣé ọ̀la ni Sátidé, Arvo?"

Abẹ́ tapólì ló kó wọn sí: ó kó òkúta inú ààrò sáúnà, ó kó ti ẹ̀yìn ilé mọ́ ọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í rù ú padà. Ìyáàfin Salmi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo imú ọkọ̀ bó ṣe ń lọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí irin ìtìyìnyín fi kanlẹ̀.

"Mo rò pé ọkọ̀ ni mo yàn," ó ní. "Àṣé sáúnà Lempi ni."

Mo so irin náà mọ́ funfun. Imú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo gbé Ìyáàfin Salmi gòkè. Níbi tá a ti kọjá ojú irin rélùwéè àtijọ́, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni ibà ń ṣe. Mo dẹwọ́ eré, ó dákẹ́.

"Ṣé ó fẹ́ pa wá ni?"

"Rárá o, mà. Irin kan ló ń di áásù mú kó má sún sọ́tùn-ún sósì. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ló ti gbó. Màá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Tí mo bá ní kò sóhun tó ṣe é, irọ́ ni mo pa fún yín."

Nígbà tá a dé àgbàlá wọn, láàárín ilé igi ìdáná àti ẹnu ọ̀nà, níbi tó há jù, mo yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí ó kúrú, mi ò fi ẹ̀yìn rìn.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Pààrọ̀ rọ́bà yẹn. Iṣẹ́ ṣì jẹ́ tìẹ. Ṣùgbọ́n àga yìí le bí àga ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ mú tìmùtìmù wá, mà."

"Wà á padà sílé yín jàre. Màmá ẹ ò ní dúró dè mí kó tó wọ inú ooru."