Màmá Ìgbájọ Kò Tíì Kí Wa Tán

"Ìpè tí mo bá fi ọwọ́ ara mi rán, kò sí sáfà náà láyé tó jẹ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́!" ni Ọláníhùn wí nínú àlá kan tó lá. "Ì báà wà nísàlẹ̀ òkun. Kí n tó ṣẹ́jú, èsì ti dé!"

Ó lu àyà gbì. Àwọn tó jókòó fún ìsọmọlórúkọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgò oyin náà pàtẹ́wọ́, oyin sì ta sí gbogbo wọn láṣọ.

Yàrá sáfà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Àwọn ẹ̀rọ tò síbi ògiri, wọ́n ń mí bí ẹni tó yó tó sùn. Iṣẹ́ Ọláníhùn nìyẹn: kọ̀ǹpútà kan níhìn-ín á pe sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn yòókù, lọ́nà jíjìn pé, "Bá mi ṣe báyìí," sáfà á ṣe é, á dá èsì padà, àfi bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ wà. Òun ló ń rí sí i pé ìpè kò sọnù lọ́nà. Òun náà ló sì ṣòfin pé sáfà tí kò bá tètè fèsì, kí aago gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n sì tún un pè.

Ọmọ tuntun náà kò tíì lórúkọ, nítorí náà kò wúwo rárá. Mosúnmọ́lá, ìyàwó Ọláníhùn, ti fi ọ̀já dè é mọ́ àyà, torí bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, òkè àjà ló ń lọ. Kí Màmá Ìgbájọ, ìyá tó bí bàbá Ọláníhùn, tó kú, ó ti ní orúkọ kan nílẹ̀ fún ọmọ náà. Ọláníhùn kò mọ orúkọ ọ̀hún. Bí orúkọ kò bá sì dé kí iyọ̀ inú àwo tó yọ́ di omi, ọmọ á gba ojú fèrèsé lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ń wo iyọ̀.

Ọláníhùn pe Màmá Ìgbájọ.

Ilẹ̀kùn sáfà kan ṣí, Màmá sì jáde. Ó ń fi ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

"Àjàní ọkọ mi! Ṣé o jíire? Ìyàwó ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà yẹn ńkọ́? Àwọn ará ilé àwọn àna rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n..."

"Àkókò ti tó!" ni aago ògiri ké. Ohùn Ọláníhùn gan-an ló fi ké.

Ọ̀rọ̀ gé mọ́ Màmá lẹ́nu. Ó dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Kò fèsì," ni Ọláníhùn wí. "Ẹ tún un pè."

Ilẹ̀kùn sáfà mìíràn ṣí, Màmá Ìgbájọ mìíràn jáde, ó ń nu ẹnu. Òun náà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí "Àjàní ọkọ mi." Ó ti ń béèrè àlàáfíà àwọn adìyẹ kí aago tó gé e. Wọ́n tún pè. Òmíràn jáde. Kò pẹ́ tí yàrá fi kún fún Màmá Ìgbájọ: ẹnu ti ọ̀hún ṣí síbi "ìyàwó," ti èyí ṣí síbi "iṣẹ́." Ọmọ túbọ̀ ń fà sókè. Ọ̀já le dandan.

"Kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ orúkọ?" ni Ọláníhùn béèrè.

Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan gbórí sókè nílẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé kí àgbàlagbà kàn já wọlé, kó máa rojọ́ láìkí èèyàn ni? Ilé wo lẹ ti jáde gan-an?"

"Ìkíni ń jẹ àkókò jù."

"Ẹ̀yin lẹ wá fi aago ṣọ́ òkú," ni okùn náà wí, ó sì padà sùn.

Ọláníhùn yọ aago kúrò lára ògiri. Ó gbóná bí búrẹ́dì. "Ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe o," ni aago wí pẹ̀lú ohùn kékeré. Ó tì í bọ àpò. Bó ṣe tì í bọ̀ ọ́, àwọn sáfà di àga onírọ̀gbọ̀kú, ilẹ̀ di sìmẹ́ńtì pupa títutù ti pálọ̀ Màmá ní Ìgbájọ. Ọláníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Gbogbo àwọn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú láti ibi tí wọ́n ti gé e. Ó ń dáhùn: "Dáadáa ni, Mà. Ó ti san, Mà. Àwọn adìyẹ wà, Mà." Wọ́n béèrè bàbá rẹ̀ tó ti kú. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé ara òun le. Màmá tó bá kí i tán á rọra wọ inú èyí tó kù bí aṣọ tí wọ́n ká, títí ó fi ku ẹyọ kan, tó sanra dáadáa. Ó gbé ọwọ́ lé Ọláníhùn lórí. Ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fún ìgbà díẹ̀, Ọláníhùn gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ pè é.

Iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "orúkọ ọmọ."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Orúkọ kẹ̀? Mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá wò mí lórí àìsàn. Ó jókòó, mo kí i, kí i, mo kí i tán, mo sì sọ ọ́. Ìwọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ò ń tẹ fóònù."

Gbogbo ojú yí sí Mosúnmọ́lá. Ó ń gbé ọmọ sí ọmú kejì.

"Ẹ ò bi mí," ló wí.