Láptọ́ọ̀pù Oníhò Kan

Àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà fẹ́ràn oge ju ọgbọ́n lọ. Wọ́n fẹ́ ẹ tín-ín-rín, wọ́n kùn ún títí ó fi ń dán, wọ́n wá lu ihò kan ṣoṣo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò yẹn ni iná gbọ́dọ̀ gbà wọlé, òun náà ni wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ gbà mí o, ẹ̀dá wo ló ń fi ihò kan ṣoṣo jẹun tó tún ń fi í mí?

Àlòkù ni Atẹ̀wé rà á. Atẹ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tẹ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ní kóòtù sórí ìwé, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn tó sì ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Láti ọdún méjì ni kò ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Inú yàrá méjì lòun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Bàbá yìí ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gun òpó tẹlifóònù, kó tó di pé orúnkún sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé ọkùnrin ò sì fi epo bọyọ̀ fún un. Bí oṣù yìí bá fi parí tí kò ríṣẹ́, kó lọ gba iṣẹ́ dídi ẹrù ní èbúté, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sùn sínú ọgbà, kí Bàbá sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Àjà kẹrin ni ilé Ẹ̀gbọ́n wà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a jí jáde, wọn a sì ti ilẹ̀kùn pa látìta, kí bàbá arúgbó má baà sọnù. Bàbá ti gbé ibẹ̀ fún oṣù méjì rí. Nígbà tó fi padà dé, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Kàkà kí n padà síbẹ̀," Bàbá ní, "ẹ kúkú gbé mi sórí òpó kẹ́ ẹ gbàgbé mi síbẹ̀."

Iléeṣẹ́ kan wá jáde tó ń wá atẹ̀wé tí yóò máa tilé ṣiṣẹ́. Ìdánwò wákàtí kan ni. Wọn ò gba wáìfáì, wáyà ni dandan. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìdánwò parí nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn sì lè ṣe é láyé ẹ̀. Inú Atẹ̀wé dùn. Ó mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mowó. Àfi ti ihò.

Ó wá àdápítọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò kan di púpọ̀. Èyí àkọ́kọ́ tó rà gba wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gba ṣájà, bátìrì láptọ́ọ̀pù náà kì í sì í lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Èkejì gba méjèèjì, ṣùgbọ́n orogún ni wọ́n: bí iná bá ti wọlé, íńtánẹ́ẹ̀tì a binú jáde. Ó dá a padà fún ẹni tó tà á.

"Ìyá, ó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi o," ọ̀gbẹ́ni náà ní.

"Ṣé ọwọ́ yín ni kí n wá máa gbé ni?"

Ẹ̀kẹta ló gbọ́ràn díẹ̀. Òun náà ní ìkanra tirẹ̀: bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kú, bí wọ́n bá gbé e sókè, ó kú. Bàbá ló fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wádìí ìwà rẹ̀, tó fi rí i pé bí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ tí wọ́n sì fi páálí ìṣáná tì í, iná ń wọlé, íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọlé.

"Bí ọmọ ọwọ́ ni wáyà rí," Bàbá ní. "Ibi tó bá ti gbà láti sùn ni kóo fi í sí."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Bàbá wẹ̀, ó dé fìlà, àfi bíi pé òun ni wọ́n fẹ́ dán wò. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ àdápítọ̀, ó káwọ́ lérí orúnkún.

"Bàbá, ẹ ṣáà máa bá mi wo iná kékeré ara rẹ̀ yìí o. Mi ò ní lè gbójú kúrò lórí ohun tí mò ń tẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ó kú."

"Ta lò ń sọ fún? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Nínú ohùn tí wọ́n fi ń dán an wò, àwọn méjì ń jà sórí ògiri tó pààlà ilé wọn, Atẹ̀wé sì ń tẹ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìbúra, ikọ́, gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ti di tòun. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá ní tirẹ̀, òógùn ló ń là. Láti ìgbà tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ ni iná kékeré yẹn ti ń ṣẹ́jú pàkà pàkà. Lára àdápítọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń kọjá ló ń jẹ́ kó máa ṣẹ́jú, àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ Bàbá, iná tó bá dúró gbọin ni ti wáyà tí ara rẹ̀ yá, èyí tó bá ń ṣẹ́jú ti ń kú lọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ níbẹ̀ kì í dúró dìgbà tó bá kú. Ṣe ni yóò yára fà á yọ, yóò nu ẹnu rẹ̀, yóò tì í padà. Ẹnì kankan ò sọ fún un pé ayé ti yí. Atẹ̀wé ò tiẹ̀ rántí pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Àwọn méjì inú ìdánwò wá ń pariwo lé ara wọn lórí. Iná náà ń ṣẹ́jú wàrà wàrà. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá na ọwọ́, ó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó fi etí aṣọ nù ún dáadáa, ó sì tì í padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohùn ti dá. Ojú láptọ́ọ̀pù funfun báláú, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: ìdánwò yín ti parí, a dúpẹ́. Atẹ̀wé tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò sí ohun tó dáhùn. Ó yíjú padà.

"Wò ó," Bàbá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti dúró gbọin! Àtàárọ̀ ló ti ń ṣẹ́jú, mo ní kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́."

Òótọ́ ni, iná náà dúró gbọin. Kò sí nǹkan kan tó ń kọjá níbẹ̀ mọ́.

Inú bí Atẹ̀wé débi pé ó fẹ́ẹ́ kígbe. Ó ya ẹnu. Ó wá rí ojú Bàbá tí òógùn ti bò nítorí ẹ̀rù tó ti ń bà á láti bí wákàtí kan, ó sì gbé igbe náà mì.

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí."

"Mo mọ̀!" Bàbá ṣí fìlà, ó fi nu ojú. "A ò lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ mọ́ nìyẹn. Gbé fóònù wá, kí n fẹnu ara mi sọ fún un."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé. Ó sọ òótọ́ fún Ẹ̀gbọ́n, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó wọlé, Bàbá ti dìde dúró dè é.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Ó fẹ́ wá bá wa yọ̀!"

Bàbá ti mú àkísà, ó ń nu àga tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò jókòó sí.